Ọ̀rọ̀ Ìjìnlẹ̀ Nínú Ilé àti Lẹ́nu Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ kan fún Ògbufọ̀ àti Òjíṣẹ́ Ìjọ

Bí àwa ògbufọ̀ bá ti péjọ, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ yọ: ta ni ó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, ta ni kò sì gbọ́ ọ? Àwọn àgbàlagbà a máa kédàárò pé èdè ti ń kú lọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, pé akọ̀wé ọ́fíìsì kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ó má fi Gẹ̀ẹ́sì là á láàárín. Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú a máa ráhùn pé bí a bá ka ìkéde nínú ìjọ, tàbí bí a bá lẹ ìwé mọ́ pátákó níbi iṣẹ́, ó di ìgbà tí àwọn bá mú un tọ baba àwọn lọ kí ó tó yé àwọn. Òtítọ́ wà nínú àròyé méjèèjì. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé ohun kan ni ìhà méjèèjì jọ gbà láìjiyàn, èyíinì ni pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ẹni púpọ̀ kò mọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni àwa kò ti bá wọn fohùn ṣọ̀kan.

Ẹni tí ń gbẹ́ kànga kò wá jíjìn. Omi ni ó ń wá. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ nígbà tí ó bá ru ẹrù tí ọ̀rọ̀ mìíràn kò lè rù, tí ó sì gbé ẹrù náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Bí ó bá kùnà èyí èkejì, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní ìjìnlẹ̀ inú Bíbélì. Ìdáláre dún létí bí ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ jókòó ṣe, ṣùgbọ́n iwájú àwọn àgbà tí ń parí ìjà ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹnì kan láre tí wọ́n sì ń dá ẹnì kejì lẹ́bi. Ìràpadà wà lẹ́nu ẹni tí ó fi nǹkan rẹ̀ dógò, tí ó sì wá owó lọ gbà á padà. Ìgbàlà kò ju 'gbà' àti 'là' lọ, ọmọdé sì mọ méjèèjì. Wòlíì àti àlùfáà ńkọ́? Ẹnu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wà kí ìjọ tó gbà wọ́n lò, gẹ́gẹ́ bí àdúrà, ìwàásù àti àlàáfíà ti gba ọ̀nà èdè Lárúbáwá wọlé tọ̀ wá. Àwọn tí ó ṣe ìtumọ̀ kìíní kò lọ wá ọ̀rọ̀ nínú ihò àpáta. Wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà, wọ́n gbọ́ ọ ní ilé ẹjọ́ àwọn àgbà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ńlá lé e lórí.

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844, àwọn ará ilé rẹ̀ tí a ti gbà sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú gbọ́ àdúrà ní èdè ìyá wọn, wọ́n sì dáhùn pé, 'Kí ó ṣẹ.' Ohun tí wọn ìbá wí nílé bí àgbà bá súre fún wọn ni wọ́n wí. Ọdún tí ó ṣáájú èyí, 1843, ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe kọ́kọ́ jáde ní ìwé. Ọdún 1884 ni odidi Bíbélì jáde. Ọdún 41 ni ó wà láàárín, a sì lè sọ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn ọdún wọnnì, tí Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣe, jẹ́ gbígbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí á fi gbólóhùn kan kún un nípa àkọtọ́, nítorí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn òjíṣẹ́. Kíkọ 'aiye' dípò 'ayé', tàbí 'enia' dípò 'ènìyàn', tàbí 'nwọn' dípò 'wọ́n', kò sọ ọ̀rọ̀ di ìjìnlẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà kọ ọ́ nìyẹn kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Aṣọ ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ a sì tún máa kó ará ilé rẹ̀ wọ inú ìtumọ̀. Gbogbo wa ni a mọ àríyànjiyàn tí ó wà lórí Èṣù. Àwọn atúmọ̀ kìíní fi orúkọ òrìṣà yìí pe ọ̀tá Ọlọ́run; Bọ́lájí Ìdòwú sì ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1962 pé Èṣù tí Yorùbá mọ̀, tí í ṣe ìránṣẹ́ àti abẹ̀wò láàárín àwọn òrìṣà, kì í ṣe ẹni tí Májẹ̀mú Titun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. A kò ní parí ìjà náà níhìn-ín. A mẹ́nu kàn án kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lò lè rántí pé ìwúwo rẹ̀ kò ní dúró síta de òun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wọ ọ́fíìsì. Èyí ni ìkéde kan tí àwa fúnra wa kọ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ àwọn ìbátan rẹ̀:

'A ń fi àsìkò yìí ké gbàjarè sí gbogbo ẹ̀yin òpómúléró ilé iṣẹ́ wa pé gbèdéke ti dé bá ìwé ìbéèrè fún ìsinmi ọlọ́dọọdún, kí oníkálukú sì tètè ṣe ojúṣe rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà bẹ́yìn yọ.'

Ó dùn, ó sì kún ẹnu. Ṣùgbọ́n gbàjarè ni igbe ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, tàbí tí olè ká mọ́lé, tí ó ń fẹ́ kí aráyé gba òun. Ọ̀gá tí ń béèrè ìwé ìsinmi kò sí nínú ewu kankan. Òpómúléró jẹ́ oríyìn tí ó ga. Bí a bá ń fi sára gbogbo ìkéde, kí ni a ó fi yin ẹni tí ó di ilé mú nítòótọ́ lọ́jọ́ tí ó bá ń fẹ̀yìn tì? Gbèdéke nìkan ni ó wà ní àyè rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sọ ojú ààlà tí a kò gbọdọ̀ kọjá dáadáa tó o. Kàyéfì ni pé akọ̀wé lo gbèdéke, kò sì sọ ọjọ́! A lè tún un kọ báyìí:

'Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo ìsinmi rẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù. Gbèdéke nìyẹn, a kò ní gba ìwé mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.'

Ìkéde ìsinmi kò lè pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbi iṣẹ́ tí ó lè pa ni lára, a ó sì dúró pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àti ìjọ ni ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn fúnra rẹ̀: ẹni tí ń jẹ, tí kò jẹ tán, tí ó ń ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, síbẹ̀ kò sí awakọ̀ tàbí olùtọ́jú ọgbà tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́, ó ní láti wá ẹni tí yóò dúró fún un. Kí ni kí á pe ẹni náà nínú ìwé tí wọn yóò fọwọ́ sí?

Òǹkọ̀wé tí ó mọ Bíbélì dáadáa yóò kọ onígbọ̀wọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì wa àtijọ́, onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún gbèsè ẹlòmíràn. Ìwé Òwe kìlọ̀ nípa rẹ̀ gidigidi ní orí kẹfà, Episteli sí àwọn Heberu sì fi orúkọ yìí pe Jésù ní orí keje. Ṣùgbọ́n kí ni onígbọ̀wọ́ ti dà lónìí? Ẹ tẹ́tí sí rédíò: ilé iṣẹ́ tí ó bá sanwó fún ètò kan ni onígbọ̀wọ́ ètò náà. Ẹ wo ìwé ìpè sí ọjọ́ ìkórè nínú ìjọ: àwọn olówó tí a ń retí ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn ni onígbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣí kúrò ní ilé gbèsè, ó ti lọ ń gbé ní ilé ọlá.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé wá bá lórí tábìlì pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe onígbọ̀wọ́ mi.' Ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó rò pé wọ́n fẹ́ kí òun jẹ́rìí sí i pé ọmọ rere ni, ó sì fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni akápò bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé tọ̀nà, ó sì ní ìtàn lẹ́yìn. Àìda tirẹ̀ ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó kà á kò gbé inú ìtàn kan náà. Bí a bá bi wá, a ó ní kí a kọ onídùúró, kí a sì fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn: 'ẹni tí yóò san gbèsè yìí láti inú owó oṣù tirẹ̀ bí ẹni tí ó yá a kò bá san án'. Gbólóhùn náà gùn, kò sì ní adùn kankan. Ẹ fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé Yorùbá kì í là á mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òtítọ́ ni, a sì fẹ́ràn òwe náà. Ṣùgbọ́n òwe yìí gbà pé olùgbọ́ ti ní àbọ̀ kejì nínú tẹ́lẹ̀. Láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ó ní i. Nínú ìwé gbèsè, nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́, lára ìgò oògùn, a kò mọ ẹni tí yóò kà á, nítorí náà odidi ni kí á kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń bá ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣọ̀tá. Ìgbà ń bẹ tí ọ̀rọ̀ lásán yóò dójú ti ilé iṣẹ́ àti ìjọ. Bí ọba ìlú bá re ibi àgbà ń rè, tí akọ̀wé ìjọ sì kọ ìwé ìbánikẹ́dùn sí ààfin pé 'a gbọ́ pé ọba kú', ìwé náà ti bà jẹ́ kí wọ́n tó kà á tán. Ọba wàjà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sọ pé ó ti lọ, ó sọ pé ọba ni, ó sì sọ pé ẹni tí ó kọ ìwé mọ ibi tí òun ń kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá kọ ọ́ nípa díákónì pé 'bàbá wa wàjà' kò bọlá fún bàbá náà. Ó mú adé tí kì í ṣe tirẹ̀ dé e lórí ni, inú àwọn ará ààfin kò sì ní dùn sí i.

Ilé ìwòsàn ni ibi tí a lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù. Àtọ̀gbẹ ni orúkọ Yorùbá fún àìsàn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Àtọ̀gbẹ dára púpọ̀: nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan a rí ẹni tí ń tọ̀, tí ó ń tọ̀, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá bá ìyá arúgbó pàdé, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ ni ìyá náà mọ̀. Bí ó bá bá ọmọ ìyá náà pàdé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́n a mọ méjèèjì, a sì fi ọ̀kan ṣàlàyé èkejì. Kò sí ìdí kankan láti fi 'ìtọ̀ ṣúgà' ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti gba ẹ̀mí ènìyàn là.

Ẹ tún wo rọpárọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sọ ohun tí àìsàn ṣe, pé ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ti ta ni, a sì máa ń fi í pe èyí tí ń kọlu àgbàlagbà lójijì. Nígbà tí a ń kéde ìtọ́jú àwọn ọmọdé, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni a gbọ́. A fi ọmọ sínú ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìpolongo yẹn wà lára iṣẹ́ tí ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé lè kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò àrùn náà, irú èyí tí ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà wọn. Àjẹsára pẹ̀lú ńkọ́? Oògùn ìṣọ́ra tí àwọn baba wa ń jẹ kí ibi má baà ran ara wọn ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, bí a bá wí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí ẹni tí ó ń béèrè ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ inú àpò onísègùn ti di ọ̀rọ̀ àárín ọjà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí a dá sílẹ̀ ni ó ní irú oríire yìí. Amóhùnmáwòrán gba àyè lẹ́nu àwọn oníròyìn. Nínú yàrá ìgbàlejò, tẹlifíṣọ̀n ni. A ti gbọ́ ayára-bí-àṣá lórí rédíò, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ kí akọ̀wé kan wí fún ẹnì kejì pé kí ó bá òun pa ayára-bí-àṣá. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wí, a kò sì rí ẹ̀bi wọn. Ẹyẹ yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ni ó yára. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ìdásílẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù ni a fẹ́ kí ẹ fara wé. Láti ọdún 1970, nínú ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀, a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn olùkọ́ sì ní láti wá ọ̀rọ̀ tí ọmọdé yóò lóye. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ èdè ni ó dá lé lórí, ohun tí ó sì wu wá nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́, nígbà tí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì dúró ní ẹ̀yá ìpè tiwa láìsí ìtìjú. Ìgbà tí ó bá rọrùn, dá a. Ìgbà tí kò bá rọrùn, yá a.

Ní ti àdàlù èdè, a kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì há àárín gbogbo gbólóhùn níwájú ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹni tí ń da ìjìnlẹ̀ bo ọmọ tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ àìsàn yìí pẹ̀lú. Faransé ni tiwọn.

Ohun kan kù tí a fẹ́ kí àwọn ògbufọ̀ mú lọ́kàn. Ìjìnlẹ̀ ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ẹlòmíràn. Ẹwìrì wà nínú ìwé Jeremáyà, ọ̀dọ́ ìlú ńlá a sì kà á kọjá bí ẹni ka orúkọ àjèjì. Ẹ lọ sí ilé arọ́: ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ń fẹ́ná ibẹ̀ kò mọ orúkọ mìíràn tí ó ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ ẹmú àti owú. Nítorí náà, kí a tó pinnu pé ọ̀rọ̀ kan ti kú, ó tọ́ kí á béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fi í ṣiṣẹ́. Àwọn arọ́ ń dínkù, àwọn alárò pẹ̀lú ń darúgbó. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá gbọ́ lẹ́nu wọn nísinsìnyí, inú ìwé nìkan ni a ó ti máa wá a.

Ọ̀nà tí a ń gbà yẹ ìtumọ̀ wò dára fún ìkéde ìjọ àti ìwé ọ́fíìsì pẹ̀lú, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Nínú ìwé Nehemáyà orí kẹjọ, Ẹ́sírà ka òfin fún àwọn ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àwọn ọmọ Léfì sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn kí kíkà náà lè yé wọn. Kò sí ẹni tí ó wí pé kí Ẹ́sírà yí òfin padà nítorí pé ó jinlẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ ṣe. Kí ẹ tó lẹ ìwé mọ́ pátákó, ẹ wá ènìyàn mẹ́ta: àgbàlagbà kan, ọ̀dọ́ kan, àti ẹnì kan tí kì í ṣe Yorùbá ni èdè ìyá rẹ̀, irú èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ní Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Àkráà. Ẹ ka ìwé náà sókè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe bi í pé 'Ṣé ó yé ọ?', nítorí ìtìjú yóò mú kí ó wí pé ó yé òun. Ẹ ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi gbólóhùn kan tí ó mọ́lẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, kí ẹ tún kà á fún àwọn mẹ́ta mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ó mú ìyàtọ̀ wá náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú àti irú iṣẹ́ àwọn tí ó dáhùn, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé àwọn ògbufọ̀ tí ó ń bọ̀.